Ọ̀RỌ̀ ÌDÍLÉ: Ẹni tí ó dúró de ẹnìkejì rẹ̀

Àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ń wo eré kẹ̀kẹ́ ilẹ̀ Faransé nínú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán bi wá léèrè ohun kan tí kò yé wọn. Wọ́n ní, bí ó bá ṣe pé eré ìje ni, tí olúkúlùkù sì ń gun kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, èéṣe tí ẹni tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù fi ń fà sẹ́yìn láti dúró de ẹlòmíràn? Ìbéèrè rere ni, ó sì kan agboolé wa ju bí àwọn tí ó bèèrè ti rò lọ. Nítorí náà ni a ṣe fi àyè wa ti ọ̀sẹ̀ yìí fún un.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ kò tí ì rí eré náà, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ ní kúkúrú. Kì í ṣe eré ọjọ́ kan. Ìwé ìròhìn kan ní Paris, L'Auto ni orúkọ rẹ̀, ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1903 kí ìwé rẹ̀ lè tà; àwa tí a ń kọ̀wé sínú ìwé ìròhìn kò lè bá a wí. Ènìyàn 60 ni ó gbéra, 21 péré ni ó rí òpin ọ̀nà. Lóde òní ìpele 21 ni wọ́n pín in sí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n sì fi ń gùn ún, ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ àti ní òkè, nínú òjò àti nínú oòrùn. Wọn a kọ wákàtí tí olúkúlùkù lò lójoojúmọ́ sílẹ̀, wọn a pa á pọ̀, ẹni tí àròpọ̀ tirẹ̀ kéré jù lọ ni ó sì ń wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ènìyàn 8. Lọ́pọ̀ ìgbà ọ̀kan nínú wọn ni olórí, ẹni tí a ń ṣiṣẹ́ fún. Àwọn méje tí ó kù ni arannilọ́wọ́. Owó oṣù ni wọ́n ń gbà, iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni.

Ohun tí ó mú kí ènìyàn kan lè ṣiṣẹ́ fún ẹnìkejì nínú irú eré bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́. Ẹni tí ó bá ti gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Ajue lọ sí Ọ̀rẹ̀ rí, tí ó di ẹrù sẹ́yìn, mọ̀ pé òkè nìkan kọ́ ni ọ̀tá. Afẹ́fẹ́ iwájú a máa dá ènìyàn dúró bí ẹni pé a fi ọwọ́ tì í láyà. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ agbégẹdú bá kọjá lára rẹ̀, tí ó sì bọ́ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà fún ìṣẹ́jú kan, kẹ̀kẹ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dá lọ fúnra rẹ̀. (A kò wí pé kí ọmọ ẹnikẹ́ni lọ dán an wò lójú ọ̀nà ọlọ́dà o.) Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí láàrin àwọn agunkẹ̀kẹ́: ẹni tí ó fara pamọ́ sẹ́yìn ẹlòmíràn lè fi tó ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ pamọ́. Nítorí náà àwọn arannilọ́wọ́ a máa gba ipò iwájú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn a fi àyà gba afẹ́fẹ́, olórí wọn a sì wà lẹ́yìn wọn títí di ẹsẹ̀ òkè ìkẹyìn. Àwọn náà ni ń padà sẹ́yìn lọ gba omi nínú ọkọ̀ ẹgbẹ́, tí wọn a ki ìgò bọ inú ẹ̀wù, tí wọn a tún sáré bá àwọn ará iwájú. Nígbà mìíràn wọn a rán ọ̀kan nínú wọn ṣíwájú, kì í ṣe kí ó lè borí, bí kò ṣe kí àwọn ẹgbẹ́ mìíràn lè fi agbára wọn ṣòfò láti lé e. Bí agbára arannilọ́wọ́ bá tán, yóò yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò rọra máa bọ̀ lẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni kì í ya àwòrán rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀gàn ni iṣẹ́ yìí. Henri Desgrange, olóòtú L'Auto, ẹni tí ó ń ṣe àkóso eré náà, fẹ́ kí olúkúlùkù dá jà. Ní ọdún 1911 ni ó bínú sí Maurice Brocco nítorí pé ó ń ta agbára rẹ̀ fún ẹlòmíràn, ó sì pè é ní ọmọ-ọ̀dọ̀. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ wọn; títí di òní ni àwọn ará Faransé fi ń pe gbogbo arannilọ́wọ́ nínú eré kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń tijú rẹ̀ mọ́.

Ẹni tí ó yí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn padà ni ọmọ ogún ọdún kan, René Vietto, ará ẹ̀bá Cannes. Nígbà náà orílẹ̀-èdè ni wọ́n ń gùn fún. Ní oṣù Keje ọdún 1934, bí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀ láti òkè Puymorens ní àwọn òkè Pyrenees, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ olórí wọn, Antonin Magne, bàjẹ́. Vietto tí ó wà nítòsí bọ́ ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ fún un. Magne lọ; ọmọdékùnrin náà jókòó sórí ògiri òkúta lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń retí ọkọ̀ tí yóò gbé ẹsẹ̀ mìíràn wá, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ayàwòrán kan bá a níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Vietto ti wà níwájú ní ọ̀nà Portet d'Aspet nígbà tí ó gbọ́ pé kẹ̀kẹ́ Magne tún ti bàjẹ́ lẹ́yìn. Ó yí padà, ó tún gun òkè tí ó ti sọ̀kalẹ̀ rẹ̀, ó lọ ràn án lọ́wọ́. Magne ni ó gba ipò kìíní ní Paris. Vietto ṣe ìkarùn-ún.

Ọ̀pọ̀ ni ó ń wí títí di òní pé Vietto ni ìbá borí. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ti pàdánù àkókò púpọ̀ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó dé orí òkè, nǹkan bí wákàtí kan ni ó sì wà láàrin òun àti Magne ní ìgbẹ̀yìn. Ohun tí ó fi sílẹ̀ kì í ṣe adé, ọjọ́ méjì ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì kì í ṣe nǹkan kékeré fún ọmọ ogún ọdún. Ní ọdún 1947 ó wọ ẹ̀wù ìyeyè fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ó sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tí eré kù díẹ̀ kí ó parí. Kò gba ipò kìíní rí títí ó fi fi eré náà sílẹ̀. (Ó yẹ kí a fi kún un pé ní Paris kan náà, níbi ìdíje Olympics ọdún 2024, ọmọ ilẹ̀ wa Ese Ukpeseraye kò ní kẹ̀kẹ́ tí ó yẹ fún eré inú pápá yíyípo, àwọn ará Jámánì, tí wọn kì í tilẹ̀ ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀, ni wọ́n yá a ní ọ̀kan.)

Ẹ̀yin tí ẹ ní oko kòkó ní agbègbè Ajue àti Odígbó, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí yín. Owó kòkó ọdún kan kì í tó láti rán ọmọ mẹ́ta lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá a pe ẹ̀gbọ́n, a ní, “Ìwọ dúró tì mí lóko ná, bí àbúrò rẹ bá jáde, òun ni yóò fà ọ́ lọ́wọ́.” Ẹ̀gbọ́n a gbà. Òun ni ń pọn omi tí a fi ń po oògùn kòkó, òun ni ń já a, tí ń sá a, owó rẹ̀ ni a sì fi ń ra ìwé. Ọdún mẹ́wàá kọjá, àbúrò di ọ̀gá ní Èkó, ohun tí ó sì ń fi ránṣẹ́ kò ju aṣọ kan lọ ní ìgbà Kérésìmesì. Bàbá ti kú. Àbúrò ní òun kò mọ̀ pé gbèsè wà. Ẹ̀gbọ́n ní òun kò lè fi ẹnu ara òun bèèrè. Lọ́pọ̀ ilé ẹ̀wẹ̀, ọmọbìnrin ni a máa ń ní kí ó dúró, a kì í tilẹ̀ ṣe ìlérí kankan fún un.

Irú ìlérí bẹ́ẹ̀ wà nínú eré kẹ̀kẹ́. Ní ọdún 1985, Bernard Hinault ará Faransé ti ṣubú, imú rẹ̀ ti fọ́. Greg LeMond ará Amẹ́ríkà, tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́, lágbára jù ú lọ ní ọ̀nà òkè Luz Ardiden. Àwọn olùdarí ní kí ó má sáré mọ́. Ó gbọ́ràn, Hinault sì gba ipò kìíní ní ìgbà karùn-ún. Ó wí pé ní ọdún tí ń bọ̀ òun yóò ṣiṣẹ́ fún LeMond. Ọdún 1986 dé, Hinault kò dúró: ní ọjọ́ àkọ́kọ́ lórí òkè ó fò síwájú, ó fi ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ ṣáájú ẹni tí ó ṣe ìlérí fún. Ó tún gbìyànjú rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ ti tán. Ó ní àwọn alátakò ni òun fẹ́ dá lágara. Ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì di ọwọ́ ara wọn mú dé ìlà òpin ní Alpe d'Huez, LeMond sì borí eré náà, ará Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tí ó ṣe é; ṣùgbọ́n kò fi pamọ́ pé ìwà náà dun òun.

Lójú tiwa, ohun tí ó da ìlérí náà rú ni pé kò sí ẹni tí ó sọ bí ìrànlọ́wọ́ yóò ti rí àti ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀. Bàbá tí ó bá ní kí ọmọ kan dúró, kí ó sọ ọ́ níwájú àwọn ọmọ méjèèjì, kí ìyá wọn gbọ́, kí ó sì dárúkọ iye ọdún àti ohun tí a ó san: ṣé owó ilé-ẹ̀kọ́ ni, tàbí ìpín nínú oko? Kí a kọ ọ́ sínú ìwé. Àwọn kan yóò ní a fẹ́ sọ ìfẹ́ ọmọ ìyá di ọjà. Kí wọ́n lọ bi àwọn tí ó dúró.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó dúró ni ó pàdánù. Christopher Froome, tí a bí ní Nairobi ní Kẹ́ńyà, dúró ní ọdún 2012. Lórí òkè La Toussuire ó ti ń fi olórí rẹ̀, Bradley Wiggins, sẹ́yìn nígbà tí àṣẹ dé sí i létí láti inú rédíò. Ó sì dín eré kù. Wiggins borí, òun ṣe ìkejì. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ó di olórí, ó sì borí ní ọdún 2013, 2015, 2016 àti 2017. Nínú àwa ènìyàn dúdú ilẹ̀ Áfíríkà, Biniam Girmay ọmọ Eritrea ni ó kọ́kọ́ gba ìpele nínú eré Faransé, ẹ̀ẹ̀mẹta ní ọdún 2024, ó sì gba ẹ̀wù aláwọ̀ ewé pẹ̀lú. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, nígbà tí ìdíje àgbáyé kọ́kọ́ wá sí ilẹ̀ Áfíríkà, ní Kigali, orílẹ̀-èdè ni wọ́n gùn fún, kì í ṣe ẹgbẹ́ tí ń san owó oṣù. Ẹni tí ó ń pọn omi fún ọ lánàá lè di alátakò rẹ lónìí.

Ṣùgbọ́n èyí tí àwa fẹ́ràn jù ni ti ọdún 2023 ní ilẹ̀ Sípéènì. Sepp Kuss ará Amẹ́ríkà ti jẹ́ arannilọ́wọ́ fún ọdún púpọ̀ nínú ẹgbẹ́ Jumbo-Visma. Ní ọdún yẹn kan náà ó ti ran Primož Roglič lọ́wọ́ láti borí eré Ítálì, ó sì ti ran Jonas Vingegaard lọ́wọ́ láti borí eré Faransé. Ní Sípéènì ó bá àwọn tí ó sá ṣíwájú lọ ní ọjọ́ kan, ó gba ìpele náà, kò sì pẹ́ tí ẹ̀wù pupa ti ipò kìíní fi bọ́ sí i lọ́rùn. Ìdààmú dé, nítorí pé àwọn olórí méjèèjì wà lẹ́yìn rẹ̀. Lórí òkè Angliru wọ́n fi í sílẹ̀. Ohun tí ó kù fún un kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 8 lọ. Inú àwọn òǹwòran kò dùn, wọ́n sì sọ ọ́ kíkankíkan. Ẹgbẹ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n pinnu pé Kuss ni kí ó gbà á, àwọn olórí méjèèjì sì di arannilọ́wọ́ fún un ní àwọn ọjọ́ tí ó kù. Ó wọ ẹ̀wù pupa dé Madrid. Vingegaard ṣe ìkejì, ìṣẹ́jú-àáyá 17 ni ó wà láàrin wọn. Roglič ṣe ìkẹta.