Ẹ Gba Fóònù, Ẹ Fún Ọmọ Ní Bébà

Ní 2019, àjọ WHO ní kí ọmọ ọdún 2 sí 4 má wo fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n ju wákàtí 1 lọ lóòjọ́. Ó dáa, ṣùgbọ́n kí lẹ máa fi rọ́pò rẹ̀?

Ìjàpá ni tèmi. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ ya ìwé àtijọ́ sí róbótó, kó ya orí àti ẹsẹ̀ mẹ́rin, kó fi ẹ̀kọ tútù lẹ̀ wọ́n pọ̀. Bó bá tiẹ̀ lá ẹ̀kọ náà ńkọ́, oúnjẹ rẹ̀ ṣáà ni. Ìka tó ń ya bébà ló ń lágbára láti di pẹ́ńsù mú. Ẹ má fún un ní píìnì o. Bí ìjàpá bá wọ́, ẹ má bá a tún un ṣe. Ẹ kúkú máa pàlọ́ fún un lọ.