Ọ̀dọ́ tí kò tíì ṣègbéyàwó, ṣé ó yẹ kó ra adójútòfò ẹ̀mí?

Ẹ dárúkọ adójútòfò ẹ̀mí láàárín àwọn ọ̀dọ́ l'Ékòó tàbí n'Íbàdàn, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Èyí tó máa tẹ̀lé e ni pé: "Mi ò tíì níyàwó, mi ò bímọ, ta ni mo fẹ́ fowó sílẹ̀ fún?"

Ìbéèrè gidi ni, àmọ́ ìgbéyàwó kọ́ ló yẹ ká fi dáhùn rẹ̀. Ta ló ń wo ọwọ́ yín? Ọ̀pọ̀ àpọ́n àti omidan ló ń san owó iléèwé àbúrò wọn, tí wọ́n tún ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ìyá wọn. Àwọn míì yá owó, ẹ̀gbọ́n wọn ló sì ṣe onídùúró. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kú, àwọn ọ̀rẹ́ á dáwó jọ lórí WhatsApp fún ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n oògùn ìyá á tún tán lóṣù tó ń bọ̀, onídùúró á sì máa gba ìpè àwọn tó yáni lówó.

Tó bá jẹ́ pé bọ́rọ̀ yín ṣe rí nìyí, ẹ rà á. Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù ni èyí tí wọ́n ń san lọ́dọọdún. Bí ẹ bá wà láàyè lópin ọdún, owó náà ti lọ nìyẹn. Kì í ṣe àjọ tí ẹ máa kó. Èyí tí wọ́n pò mọ́ ìfowópamọ́ wọ́n jù ú lọ, bí ẹ bá sì dáwọ́ dúró láìpẹ́, ohun tí ẹ máa rí gbà lè má tó ohun tí ẹ san.

Àmọ́ kí ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ béèrè níbi iṣẹ́. Òfin owó ìfẹ̀yìntì tọdún 2014 sọ pé agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ ra adójútòfò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́ rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dín sí ìlọ́po mẹ́ta owó tó ń gbà lọ́dún. Ó kan iléeṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè. Ẹni tó ń gba N150,000 lóṣù, N5.4 mílíọ̀nù ló kéré jù fún un. Bí ọ̀gá ò bá rà á, tí òṣìṣẹ́ sì kú, òfin ní kí ọ̀gá náà wá bí owó ọ̀hún ṣe máa jáde. Ẹni tó ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe, bíi awakọ̀ Bolt tàbí ẹni tó ń tajà lórí Instagram, kò ní ọ̀gá tó máa rà á fún un. Àpò ara rẹ̀ ló máa ti yọ owó.

Ẹni tí kò jẹ gbèsè, tí ẹnikẹ́ni ò sì wo ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́? Kó kọ́kọ́ ra adójútòfò ìlera, èyí tí òfin ti sọ di dandan láti ọdún 2022. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ibà àti jàǹbá ọ̀kadà sún mọ́ ọmọ ọdún 25 ju ikú lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó oṣù, ẹ wádìí ohun méjì lọ́jọ́ Ajé: ṣé iléeṣẹ́ yín ti sanwó adójútòfò tọdún yìí? Orúkọ ta ló sì wà nínú fọ́ọ̀mù yín? Bó bá jẹ́ orúkọ ẹni tí ẹ ò bára yín sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ tètè yí i padà.