Ẹ̀rí Ẹ̀rọ Nìkan Kò Tó Láti Dá Ọlọ́jà Lẹ́bi

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa wí pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, òṣìkà ènìyàn ni. Ó yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn ní àkókò yìí tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ kí ìṣirò ọjà títà máa lọ tààrà láti orí ẹ̀rọ ìgbowó oníṣòwò sí kọ̀ǹpútà àwọn agbowó-orí. Ẹ̀rọ ti di ẹlẹ́rìí láàárín ọlọ́jà àti ìjọba. A kò kọ ẹlẹ́rìí. Ohun tí a ń bèèrè ni pé kí a má ṣe fi ẹ̀rí rẹ̀ nìkan dá ẹjọ́.

Ẹ̀rọ ìgbowó kì í ṣe ohun tuntun. Ní ọdún 1879 ni James Ritty, ẹni tí ó ní ilé ọtí ní ìlú Dayton ní Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lórí èyí tí òun àti arákùnrin rẹ̀ ṣe, nítorí pé àwọn ọmọọṣẹ́ ń jí owó ọtí. Nígbà náà, ẹni tí ó ni ṣọ́ọ̀bù ni ó ń ka ohun tí ẹ̀rọ kọ. Lónìí, bí a bá ti so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹni tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn lè mọ iye tí ó wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àwa kò lòdì sí i. Owó-orí ọjà tí a ń pè ní VAT bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1994 ní náírà 5 lórí ọgọ́rùn-ún náírà. Láti oṣù Kejì ọdún 2020, ó di náírà 7 àti kọ́bọ̀ 50. Owó ẹni tí ó ra ọjà ni, kì í ṣe ti ẹni tí ó tà á. Ọlọ́jà tí ó gbà á tí kò san án, owó ilé-ẹ̀kọ́ àti ti ọ̀nà ni ó fi sí àpò. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba ní ọdún 2025 ké sí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ọjà wọn tó bílíọ̀nù 5 náírà lọ́dún láti wá sínú ètò yìí, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Òfin owó-orí tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2026 sì ti fi ẹsẹ̀ ètò náà múlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Láti ọdún 1999 ni ilé-iṣẹ́ Ìfìwéránṣẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti so káńtà àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tí ń bá a ṣiṣẹ́ mọ́ kọ̀ǹpútà tí à ń pè ní Horizon, èyí tí ilé-iṣẹ́ Fujitsu ń bójú tó. Kọ̀ǹpútà a sọ pé owó kò pé. Ọlọ́jà a ka owó títí, kò ní rí ibi tí ó gbà lọ. Wọ́n a ní kí ó fi owó ara rẹ̀ dí i. Wọ́n sọ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn pé òun nìkan ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Láàárín ọdún 1999 sí 2015, ó lé ní 900 ènìyàn tí a dá lẹ́bi olè, jìbìtì tàbí èké ìṣirò. Aláboyún wà nínú àwọn tí wọ́n sọ sí ẹ̀wọ̀n.

Alan Bates, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́ṣọ́ọ̀bù náà, ṣíwájú àwọn 555 tí wọ́n pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, adájọ́ wí pé àléébù wà nínú Horizon, àti pé àwọn òṣìṣẹ́ Fujitsu lè ti òkèèrè wọ inú ìṣirò ọlọ́jà láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ní ọdún 2024, Ilé Aṣòfin ní láti ṣe òfin pàtàkì kí a tó lè fagi lé ẹ̀bi ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Àwọn kan ti kú kí àre tó dé.

Kò sí ẹ̀rọ tí kì í ṣe àṣìṣe. Ohun tí ó sọ àṣìṣe di ìkà ni pé òfin ibẹ̀ ní kí a gbà pé kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ dáadáa, àfi bí ẹlẹ́jọ́ bá lè fi òmíràn hàn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìwé tí ó lè fi hàn án wà lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ̀sùn kàn án. Kí ni kí a wá wí nípa ọ̀dọ̀ wa, níbi tí iná ń lọ tí nẹ́tíwọ̀kì sì ń já? Mélòó nínú wa ni ẹ̀rọ POS kò tíì yọ owó rẹ̀ rí, tí ọlọ́jà sì ń búra pé owó kò wọlé?

Ohun mẹ́ta ni a ń bèèrè lọ́wọ́ ìjọba. Èkíní, kí gbogbo ohun tí ó bá wọ kọ̀ǹpútà ìjọba wà lárọ̀ọ́wọ́tó ọlọ́jà pẹ̀lú, títí kan àtúnṣe tí ẹlòmíràn bá ṣe sí i. Èkejì, bí ọlọ́jà bá jiyàn, kí ìjọba fi ẹ̀rí hàn pé ẹ̀rọ tọ̀nà kí a tó bu owó ìtanràn lé e. Ẹ̀kẹta, bí nẹ́tíwọ̀kì bá já, kí rìsíìtì tí a fi ọwọ́ kọ níyì.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ìyá àti bàbá wa ní ọjà láti máa tọ́jú ìwé ìṣirò tiwọn. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, kí ẹ tó pàtẹ́wọ́ fún ẹni tí ń tọrọ ìbò, ẹ bi í léèrè ohun tí yóò ṣe sí ọ̀ràn yìí. Kí ẹ̀rọ máa kà, kí ọlọ́jà náà máa kà. Níbi tí ìṣirò méjèèjì bá ti yàtọ̀, kí a wádìí kí a tó dájọ́.