Agolo Ìyẹ̀fun àti Ọmọ Tí Ń Sáré Ìje



Ọ̀rọ̀ wa lóṣù yìí kan ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń sáré ìje, tí ń gbá bọ́ọ̀lù tàbí tí ń gbé irin. Nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí yọrí láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, kì í pẹ́ tí yóò fi wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń po ìyẹ̀fun inú agolo kan mu, òun náà sì fẹ́ ẹ. Owó agolo náà kì í ṣe kékeré. Ṣé kí ìyá yọ ọ́ nínú owó oúnjẹ ilé ni, tàbí kí ó kọ̀, kí ọmọ sì máa rò pé ìyá òun ni kò jẹ́ kí òun borí?

Ohun tí ó wà nínú agolo náà ni pùròtéènì, èròjà tí ó ń mú ara dàgbà, tí ó sì ń tún iṣan ṣe lẹ́yìn iṣẹ́ líle. Inú wàrà màlúù ni a ti sábà máa ń yọ ọ́. Kì í ṣe oògùn, kì í sì í ṣe idán. Irú èròjà yìí ni ó wà nínú ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹran.

Òtítọ́ ni pé eléré ìje nílò rẹ̀ ju ẹlòmíràn lọ. Nǹkan bí 0.8 gíráàmù lójúmọ́ fún kílógíráàmù ara kọ̀ọ̀kan tó fún àgbàlagbà tí kì í ṣe eré ìje, 1.2 sí 2 ni ti eléré ìje. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ kó ìwádìí 49 jọ, èyí tí ènìyàn 1,863 kópa nínú wọn. Wọ́n rí i pé àfikún pùròtéènì ran àwọn tí ń gbé irin lọ́wọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èyí tí wọ́n ń jẹ lójúmọ́ bá ti tó 1.6 gíráàmù, àlékún kò mú iṣan pọ̀ sí i mọ́. Bí a bá ń bu omi sínú ìkòkò tí ó ti kún, ilẹ̀ ni yóò dà sí.

Ẹ jẹ́ kí a jọ ṣírò rẹ̀. Ọmọbìnrin eléré ìje tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 50 kílógíráàmù nílò 60 gíráàmù, ó kéré tán. Ẹyin 2 yóò fún un ní nǹkan bí 12. Ife ẹ̀wà sísè 2, 26. Ègé ẹja ńlá kan, 20. Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan, 7. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 65, a kò sì tíì ka ti ìrẹsì tàbí ẹ̀kọ mọ́ ọn. Ẹ pín in sí oúnjẹ àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́, kí ẹ sì fún un ní díẹ̀ nígbà tí ó bá sáré dé. Ẹ má ṣe fi iṣu, gàrí àti ìrẹsì dù ú, nítorí inú wọn ni agbára tí ẹsẹ̀ fi ń sáré ti ń wá jù.

Ewu agolo ju ti owó lọ. Láàárín ọdún 2000 sí 2001, ilé àyẹ̀wò kan ní ìlú Cologne ní Jámánì yẹ oríṣiríṣi àfikún oúnjẹ 634 wò, èyí tí a rà ní orílẹ̀-èdè 13. Nínú 94 ni a ti bá èròjà tí a kà léèwọ̀ fún eléré ìje, bẹ́ẹ̀ ni a kò kọ ọ́ sára agolo. Òfin eré ìje sì le: ohunkóhun tí a bá bá nínú ara eléré, òun ni yóò dáhùn fún un, ìbáà ṣe pé kò mọ̀. Wọ́n lè gba àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀, kí wọ́n sì dá a dúró fún ọdún gbọọrọ.

Bí ọmọ bá ti dàgbà, tí ó ń rìnrìn àjò lọ síbi ìdíje, tí oúnjẹ gidi kò sì sí nítòsí, ìyẹ̀fun náà lè wúlò. Kí ó jẹ́ èyí tí ilé àyẹ̀wò mìíràn, yàtọ̀ sí ẹni tí ó ṣe é, ti yẹ̀ wò fún oògùn èèwọ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò bá dá ṣáṣá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà.

Àwọn àgbà ní oúnjẹ ni ọ̀rẹ́ àwọ̀. Òun náà ni ọ̀rẹ́ iṣan. Ẹ kọ́kọ́ mú ìkòkò ẹ̀wà ká iná, kí ẹ tó na ọwọ́ sí agolo.