Mọ́ṣáláṣí Àjàṣẹ́ kì í ṣe ti ayé Ọba Toffa

Ní oṣù tí ó kọjá, wọ́n fi àwòrán àtijọ́ kan ránṣẹ́ sí mi ní Parakou níbí. Mọ́ṣáláṣí Ńlá Àjàṣẹ́ ni, ní ìlú ẹ̀bá ọ̀sà, pẹ̀lú ilé gogoro méjì níwájú rẹ̀ bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n yà á, ní ayé Ọba Toffa. Àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń fi yangàn. Èmi kò lè bá wọn yọ̀.

Ọba Toffa jọba ní 1874, ó sì wàjà ní 1908. Ọdún 1912 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mọ́ṣáláṣí náà. Ẹni tí ó bá ń wá irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kí ó gba Èkó lọ, ìlú ọ̀sà bákan náà, kí ó wo mọ́ṣáláṣí Shitta Bey, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 4 oṣù Keje, 1894, lójú Ọba Oyekan àti Gómìnà Carter.

Ẹnìkan sọ fún mi pé ìyàtọ̀ ọdún díẹ̀ kò tó ohun à ń jà sí. Mo ṣiṣẹ́ ìjọba títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ìwé tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò bá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mu, a kì í lu òǹtẹ̀ sí i.

Irọ́ yìí gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣe é. Àwọn Àgùdà ni wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí yẹn, ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil. Àwọn ará Bahia ń pe Mùsùlùmí inú wọn ní Malê, èyí tí í ṣe Ìmàle tiwa gan-an. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ 1835, wọ́n lé púpọ̀ nínú wọn padà sí etíkun wa. Nígbà tí wọ́n sì ń mọ ògiri Àjàṣẹ́, Faransé ti gba agbára lọ́wọ́ ìtẹ́: ẹni tí ó rọ́pò Toffa, olóyè àgbà ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe ọba. Toffa ní iṣẹ́ tirẹ̀ tí ó tó o. Kò nílò ẹ̀bùn yìí.

Ní Èkó, wọ́n ti wó mọ́ṣáláṣí gbogbogbòò àtijọ́. Èyí tí ó wà níbẹ̀ lónìí, 1988 ni wọ́n ṣí i. Àwòrán nìkan ni àwọn ọmọ ibẹ̀ fi ń mọ ti àtijọ́. Ti Àjàṣẹ́ náà ti darúgbó.

Nítorí náà mo bẹ ẹgbẹ́ wa: kí a tó gbé àwòrán náà kọ́ sí gbọ̀ngàn, ẹ pa orúkọ Toffa rẹ́ lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ kọ Àgùdà síbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ̀dà tí wọ́n kọ nǹkan sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ mú un wá.