Gbígbọ́ Ọkàn Láti Ẹ̀yìn Ògiri

Ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ lẹ́nu bàbá àgbà kan ládùúgbò wa ní Anié ló fa ìwé oṣù yìí. Àyà ń dùn wọ́n. Wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì lẹ wáyà mọ́ wọn lára. Bébà électrocardiogramme, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ECG, kò fi àléébù kankan hàn. Nígbà tí wọ́n ní kí bàbá dúró kí àwọn tún un ṣe, wọ́n ní owó àwọn ni wọ́n ń wá, wọ́n sì gba ilé lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìlù ṣàlàyé. Bí a bá ń ti oko bọ̀ lọ́jọ́ ayẹyẹ, kí a tó dé ìlú ni a ti ń gbọ́ ìlù. A óò mọ̀ bóyá ó yá tàbí ó falẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró sí ẹ̀yìn ògiri kò lè fi gbogbo ẹnu sọ iye onílù tó wà lójú agbo, tàbí èwo nínú wọn ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń rẹ̀. Ibi tí dókítà dúró sí gan-an nìyẹn.

Iná mànàmáná kékeré ló ń mú kí ọkàn lù. Ó ń ti òkè ọkàn lápá ọ̀tún sọ, ó ń tàn ká yàrá méjèèjì òkè, ó ń dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tó sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá méjèèjì ìsàlẹ̀ tó ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde. Kí ó tó la ẹ̀dọ̀fóró, egungun àti ọ̀rá kọjá dé awọ, ohun tó kù nínú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi ìdá kan nínú 1,500 agbára bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan.

Augustus Waller ló kọ́kọ́ gba àmì iná yìí láti ara ènìyàn, ní London, lọ́dún 1887. Willem Einthoven, ará Hóláńdì, ló ṣe ẹ̀rọ tó ń kọ ọ́ kedere, tó sì gba ẹ̀bùn Nobel ti 1924 nítorí rẹ̀. Aláìsàn a máa ti ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bọ omi iyọ̀! Ẹ̀rọ náà tóbi kọjá ohun tí a lè gbé kiri, nítorí náà ó fi wáyà tẹlifóònù so ilé ìwòsàn pọ̀ mọ́ yàrá iṣẹ́ rẹ̀.

Ìṣòro tó ṣòro jù kò sí lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Láti 1853 ni Hermann von Helmholtz ti Jámánì ti fi ìṣirò hàn pé oríṣiríṣi ètò iná nínú ara lè gbé àmì kan ṣoṣo jáde síta. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lẹ wáyà mọ́ ibi mẹ́wàá, kí wọ́n lè wo ọkàn láti ọ̀nà méjìlá. Bí wọ́n bá lẹ ọ̀kan síbi tí kò yẹ, bébà lè ṣi dókítà lọ́nà. Àwọn onímọ̀ kan ti ń lo ẹ̀wù tó ní ibi tó lé ní 200, wọ́n sì ń fi àwòrán inú àyà aláìsàn kún ìṣirò kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀, ìfojúdíwọ̀n ni.

Ohun tí bàbá wa kò mọ̀ nìyí: ECG àkọ́kọ́ lè dára lára ẹni tí iṣan ọkàn rẹ̀ ti ń kú lọ nítorí àìrí ẹ̀jẹ̀. Wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn náà ni àmì lè tó yọ. Èyí ló fà á tí wọ́n fi ń tún un ṣe, tí wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò pẹ̀lú.

Ti ọ̀nà jíjìn náà ń kọ́? Onímọ̀ ọkàn kò pọ̀ lẹ́yìn àwọn ìlú ńlá. Arthur Zang, ọ̀dọ́ ẹnjiníà ará Kamẹrúùnù, ṣe Cardio Pad, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó ń gba àmì ọkàn lábúlé, tó sì ń fi í ránṣẹ́ sí dókítà tó wà lọ́nà jíjìn. Ó gba Africa Prize ti Royal Academy of Engineering lọ́dún 2016. Ohun tí Einthoven fi wáyà ṣe ni òun fi fóònù alágbèéká ṣe.

A sọ gbogbo èyí fún bàbá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bí ẹnìkan bá ti sọ ti ìlù fún àwọn láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ìbá ti dúró. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ wọn obìnrin ti gbé wọn padà lọ.