Ọ̀rọ̀ Onílé àti Bíríkìlà ní Libreville

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ ni í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ náà ni í sì í yọ ọfà lápó. Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì nípa òwe yìí, kí ó yí ojú sí Libreville, olú-ìlú ilẹ̀ Gàbọ́n, kí ó wo bí ẹni tí ń tún ilé ṣe ti ń bá bíríkìlà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Òjò Libreville pọ̀ jọjọ. Láàrin oṣù kẹfà àti oṣù kẹsàn-án ni ó máa ń dáwọ́ dúró pẹ́ jùlọ, ìgbà náà ni onílé tí ó gbọ́n ń ṣí òrùlé rẹ̀. Bí àìgbọ́ra-ẹni-yé bá jẹ àsìkò náà gbé, inú yàrá ni òjò yóò bá a. Bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú náà ni ó ti Benin, Tógò, Málì àti Kamẹrúùnù wá. Onílé lè jẹ́ elédè Fang tàbí Punu. Bíríkìlà lè jẹ́ elédè Fọ̀n, Gùn tàbí Yorùbá. Èdè Faransé ni ó wà láàrin wọn, aṣọ àyálò sì ni fún àwọn méjèèjì. Onílé ní, "Ẹ bá mi tún ògiri yìí ṣe." Ohun tí ó ní lọ́kàn ni kí a rẹ́ ẹ, kí a sì kùn ún; ohun tí bíríkìlà gbọ́ ni kí a wó o, kí a sì mọ òmíràn. Nígbà tí owó bá tán, olúkúlùkù a máa pe ẹnìkejì rẹ̀ ní olè.

Àwa kò ka ọ̀ràn yìí sí kékeré. Ní 1978, ìjà le láàrin Ààrẹ Kérékou ti Benin àti Ààrẹ Bongo ti Gàbọ́n nítorí àwọn jagunjagun àgbàṣe tí wọ́n kọlu Cotonou ní oṣù kìn-ín-ní 1977. Gàbọ́n lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Benin jáde. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Gàbọ́n nìkan ni: Gánà lé àwọn ènìyàn wa ní 1969, àwa náà sì lé àwọn ará Gánà ní 1983. Ní oṣù kẹjọ 2025, ìjọba Gàbọ́n tún ya àwọn iṣẹ́ kéékèèké kan sọ́tọ̀ fún ọmọ onílẹ̀. Àtúnṣe fóònù wà lára wọn. Àdéhùn onílé àti bíríkìlà kò lè dá irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n àlejò tí a ní kí ó kó ẹrù rẹ̀ lọ́la, tí kò ní ìwé lọ́wọ́, kí ni yóò fi bèèrè owó iṣẹ́ rẹ̀? Onílé tí bíríkìlà rẹ̀ sì ti lọ, kí ni yóò fi han ẹni tí yóò parí iṣẹ́?

Ìmọ̀ràn tiwa kò le. Kí àwọn méjèèjì jọ rin ilé náà yí ká, kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ohun tí a ó wó àti ohun tí a ó fi sílẹ̀. Kí wọ́n kọ iye mítà, iye àpò sìmẹ́ǹtì àti iye páànù sínú ìwé, nítorí òǹkà kò fẹ́ ògbufọ̀. Kí a máa san owó díẹ̀díẹ̀ bí iṣẹ́ bá ti ń parí; bí àdéhùn bá sì yí padà, kí a kọ ọ́ lọ́jọ́ náà, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Lékè gbogbo rẹ̀, kí onílé má ṣe bèèrè pé, "Ṣé ó yé yín?" Kí ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un sọ fún mi bí ẹ ti gbọ́ ọ." Ẹ̀yin olùkọ́ kúkú mọ èyí: kì í ṣe gbogbo ọmọ tí ó bá dáhùn pé "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" ni ẹ̀kọ́ yé.

Ọ̀ràn yìí kò jìnnà sí wa. Ní Èkó, ọmọ Benin àti ọmọ Tógò ni púpọ̀ nínú àwọn tí ń tẹ́ táìlì sílé wa. A ń fẹ́ kí Áfíríkà jẹ́ ọ̀kan, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí onílé kan àti bíríkìlà kan kọ́kọ́ gbọ́ ara wọn yé lórí ògiri kan.